Ògiri Kan, Ilé-Ìwé Méjì: Ta Ló Ń Sanwó Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, mo kí yín. Ẹ kú ìnáwó. Mo ti rí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí ẹ kọ́. Mo rí kànga dẹ̀rọ tí ẹ gbẹ́, mo sì rí orúkọ yín tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sára ògiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí ojú rí i.

Nígbà tí akọ̀wé yín wá bá mi nílé, ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ipa àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n mo tètè dé lónìí, nítorí ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ rí kì í pẹ́ dé ibikíbi. Mo rìn yí ọgbà ká, mo dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, mo na ọrùn wo òdìkejì ògiri. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ọ́fíìsì SUBEB (àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀) kan náà, ìwé ẹ̀kọ́ kan náà. Páànù ti ṣí lórí ìdajì ilé kan. Mo rí àwo orúkọ tó ti dípẹtà. 1976 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀yin mọ ilé-ìwé náà ju mi lọ. Mo padà wá jókòó, mo sì ti ojú ìwé mọ́kànlá yẹn bọ àpò. Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi kò ṣòro: ilé-ìwé méjì tí baba wọn jẹ́ ẹnì kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan wọ aṣọ tí èkejì wà níhòòhò? Ẹni tó bá ní ìjọba kò bìkítà, ó sọ òtítọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ní owó kò sí, òun náà sọ díẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí owó ń gbà dé ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà náà ní àwọn ibi tó ti yà, ó sì máa ń yà sọ́dọ̀ ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1955, torí ibẹ̀ ni gbogbo Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Awólọ́wọ̀ ló ń wá sí wa lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a máa ń sọ ìtàn náà bíi pé wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí ọmọ máa bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Keje 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni àwọn ọmọ wọlé. Nínú ọdún méjì ààbọ̀ tó wà láàárín, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ olùkọ́, wọ́n sì wá owó. Wíwá owó yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn lẹ́sẹ̀ dúró. Wọ́n gbé owó orí àkànṣe kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, nǹkan bíi ṣílè mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí. Àwọn baba wa kò pàtẹ́wọ́ fún un o. Inú bí wọn. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ 1954 dé, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní ilẹ̀ Action Group gan-an, owó orí yẹn sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Ẹni tí à ń kọrin kí lónìí, ìbò ni wọ́n kọ́kọ́ fi nà án.

Kòkó ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ètò pínpín owó tó wà nígbà náà fi púpọ̀ nínú owó tó bá ti ẹkùn kan wá sílẹ̀ fún ẹkùn náà, kòkó sì ń tà lókè òkun. Àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í san iye tí òun fúnra rẹ̀ ń tà á. Èyí tó kù láàárín, ìjọba ń fà lára rẹ̀. Ẹ wá wò ó: àgbẹ̀ kan ní oko rẹ̀ ní ẹ̀yìn Oǹdó tàbí ní Ìkirè, tí kò mọ̀ pé òun ń sanwó ilé-ìwé, òun gan-an ló ń san án, fún ọmọ tirẹ̀ àti fún ọmọ ẹlòmíràn tí baba rẹ̀ kò ní igi kòkó kan ṣoṣo. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 ní 1954 sí nǹkan bíi 811,000 ní 1955. Ọ̀fẹ́ ni à ń pè é. Ẹnìkan san án.

Ìlà-Oòrùn náà gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Kò pé ọdún méjì tí owó ilé-ìwé fi padà, tí àwọn ìyá fi tú síta ní 1958, tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn lójú pópó. Ṣé àwọn Ìgbò kò fẹ́ràn ìwé tó wa ni? Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀! Èrò kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, àpò ló yàtọ̀. Wọn kò ní kòkó bíi tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ẹnúgu àti ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn, ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí ló pinnu ẹni tí yóò jókòó ní kíláàsì.

Èmi ò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Mo ń sọ ọ́ torí pé ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ògiri yín lónìí, ibẹ̀ ló ti wà. Bí a bá ní kí ibi kọ̀ọ̀kan fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀, ibi tó lówó yóò kọ́ ọ dáadáa. Ibi tí kò lówó ńkọ́?

Bóyá ẹ rò pé àrùn Nàìjíríà nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà díẹ̀, torí pé àwọn ti jà á dé kóòtù tó ga jù lọ. Lọ́dọ̀ wọn, owó orí tí àwọn onílé ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn ní àdúgbò jẹ́ apá ńlá nínú owó ilé-ìwé ìjọba. Ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, agbègbè ilé-ìwé méjì wà nínú ìlú kan náà: Edgewood, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ mẹ̀kúnnù tí baba ńlá wọn ti Mẹ́síkò wá, àti Alamo Heights, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbé. Lọ́dún 1967 sí 1968, Edgewood fi owó orí dọ́là 1.05 lé orí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ilé wọn tó. Alamo Heights fi sẹ́ǹtì 85 péré lé e. Èyí ni pé àwọn tálákà ló ń bu owó lé ara wọn lórí jù. Kí ni wọ́n rí? Dọ́là 26 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ti Edgewood. Dọ́là 333 ni ti Alamo Heights. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ wá fi tiwọn kún un, síbẹ̀ dọ́là 356 ni àpapọ̀ ti ọ̀kan, dọ́là 594 ni ti èkejì.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí iye yẹn. Ẹni tó ṣe wàhálà jù ló gbà kéré jù. Kì í ṣe pé ẹnìkan jí owó. Kò sí olè nínú ìtàn náà rárá. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé, òfin tó sì dà bí ẹni pé ó dọ́gba ni: kí oníkálukú san owó orí lórí ohun tó ní, kí wọ́n fi kọ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀. Ibi tí ilé ti wọ́n, owó á wọlé. Ibi tí ilé ti rí jákujàku, kò sí ohun tí wọn yóò bu owó lé.

Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́, Demetrio Rodriguez ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ẹjọ́ náà. Oṣù Kẹta 1973 ni kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́: adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Márùn-ún ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn kò sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́. Adájọ́ Thurgood Marshall wà lára mẹ́rin tó kọ̀. Ó di 1989 kí kóòtù ìpínlẹ̀ Texas fúnra rẹ̀ tó wo òfin ìpínlẹ̀ náà, kí gbogbo adájọ́ tó wà níbẹ̀ tó fohùn ṣọ̀kan pé ètò náà kò bófin mu. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní lọ́jọ́ ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti di òbí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Tiwa kì í ṣe owó orí ilé. Tiwa, Àbújá ni orísun. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó tó wọ àpò àjọni: ìjọba àpapọ̀ mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ mú 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 774 mú 20.60. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń kọ́ ọmọ ní a, b, d, nínú ìdá tó kéré jù yẹn ni owó oṣù rẹ̀ ti ń jáde. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Ìyẹn fi jẹ́ pé bí nǹkan bá dára, gbogbo wọn ló ṣe é. Bí kò bá dára, ẹ máa wá ẹni tó ṣe é kiri.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1991, ìjọba ológun fọ́ àjọ tó ń bójú tó owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó kó gbogbo rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí nígbà náà. Oṣù kan kọjá, owó kò dé. Oṣù kejì, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ní oṣù kẹta ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà tà ní ẹnu ọ̀nà, èmi náà ń lọ ata láàárọ̀ kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó di 1993, wọ́n tún dá àjọ náà padà, torí pé olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ẹ má bínú, nígbà tí kóòtù tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, gbogbo ayé ń yọ̀, ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, ń kígbe pé kí wọ́n rántí owó oṣù àwọn. Àwọn kan ní olùkọ́ kò fẹ́ òmìnira. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni wọ́n. Èmi gbà pé ìdájọ́ náà tọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Méjèèjì lè wà nínú ọkàn ẹnì kan.

Ẹ̀wẹ̀, owó oṣù nìyẹn. Ilé, tábìlì, ìwé, ńkọ́? Ibẹ̀ ni òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti wọlé. Ó ní kí wọ́n máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀, kọ́bọ̀ méjì nínú náírà kọ̀ọ̀kan, fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Nǹkan gidi ni. Àjọ UBEC ní Àbújá ló ń pín in. Apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ ló ní májẹ̀mú: kí ìpínlẹ̀ mú iye kan náà wá láti àpò ara rẹ̀, kí ó tó gba iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Mú ìdajì wá, gba ìdajì.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ sí nǹkan ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, bí ìpínlẹ̀ kan kò bá sì ní fi kọ́bọ̀ sí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, kí ló dé tí Àbújá yóò máa da owó lé e lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rí lójú ayé. Ìpínlẹ̀ tó lówó mú ìdajì tirẹ̀ wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gba ìdajì kejì, ó kọ́ ilé. Èyí tí kò lówó, tàbí tí gómìnà rẹ̀ ka afárá sí ju ìwé lọ, fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́dọọdún la máa ń gbọ́ pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà wà lọ́dọ̀ UBEC tí ìpínlẹ̀ kò wá gbà. Owó wà ní báńkì, ọmọ wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí.

Ta ni májẹ̀mú yẹn fi ìyà jẹ? Gómìnà kọ́. Ọmọ gómìnà kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀ ló ń san owó ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, kò sì tíì tó ìbò dì.

Nǹkan kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Owó tó ní májẹ̀mú yìí, iye kan náà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Àbújá. Kò sí pé ẹ pọ̀, kò sí pé ẹ kéré. Ẹ jẹ́ ká fi bílíọ̀nù kan náírà ṣe àpẹẹrẹ, kí ìṣirò rọrùn. Nínú ìkànìyàn 2006, ènìyàn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9.4 ló wà ní Kánò, mílíọ̀nù 1.7 ló wà ní Bayelsa, mílíọ̀nù 2.4 sì ni Èkìtì. Bílíọ̀nù kan náà yẹn, bí a bá pín in yí orí ká, Kánò yóò rí nǹkan bíi náírà 106 lórí ẹnì kan, Èkìtì yóò rí 417, Bayelsa yóò rí 587. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ló wà ní Kánò. Mẹ́jọ ló wà ní Bayelsa. Èyí ni à ń pè ní pínpín dọ́gba.

Mo lè gbọ́ ọ̀kan nínú yín tó ń kùn níbẹ̀ yẹn pé kí Kánò lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ dúró ná. Ẹ bọ́ orúkọ ibẹ̀ kúrò. Bí baba kan bá ní ìyàwó méjì, tí ọ̀kan bí ọmọ márùn-ún tí èkejì bí ẹyọ kan, tó wá bu ìrẹsì abọ́ kọ̀ọ̀kan fún yàrá méjèèjì, ó ti ṣe dọ́gba láàárín àwọn ìyàwó. Ebi wo ló pa nínú àwọn ọmọ?

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọ Bayelsa kò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Omi ló yí wọn ká. Símẹ́ǹtì tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù dé Kánò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e dé abúlé wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ìpìlẹ̀ ilé sì gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Yàrá kan níbẹ̀ kò lè jẹ́ iye yàrá kan ní orí ilẹ̀ gbígbẹ. Torí náà, bí a bá ní kí á kàn máa pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn náà yóò fi ẹnìkan sẹ́yìn. Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ kárí ayé ti ń jà, tí mi ò sì rí ẹni tó borí pátápátá. Ní Ẹ́ńgíláǹdì, láti 2011, ilé-ìwé ń gba owó àfikún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wá láti ilé tí kò rí já jẹ. Owó náà ń tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé ìjọba yòówù tó bá lọ. Gúúsù Áfíríkà pín àwọn ilé-ìwé rẹ̀ sí ipò márùn-ún bí àdúgbò wọn ṣe tálákà tó, ó sì ń fún àwọn tó tálákà jù ní owó tó pọ̀ jù lórí ọmọ kan. UBEC náà ní ìpín kan fún àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ ti rẹ̀yìn, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ fi wé èyí tó ní májẹ̀mú.

Kí n tó gbàgbé: ẹ ó ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé UNESCO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ní kí ìjọba fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná sí ẹ̀kọ́. Èmi náà ti fi ọwọ́ lu tábìlì sọ ọ́ rí. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Incheon, ní Kòríà, ní 2015 ni ìdá 15 sí 20 nínú ìnáwó ìjọba, tàbí ìdá 4 sí 6 nínú gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún, ó kéré tán. A kò tíì dé ìyẹn náà. Kò yẹ kí a máa purọ́ kún ẹjọ́ tí a jàre rẹ̀.

Ìyẹn mú mi rántí owó orí tí wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san lórí èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Ní 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama sì ń rí lára rẹ̀ nígbà náà. Ní 2011 wọ́n tún òfin náà ṣe, ó di TETFund, ó di ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Ẹ lọ wo yunifásítì: ilé tí wọ́n kọ TETFund sí lára pọ̀ lọ jàra. Èmi ò bínú sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ló máa dé yunifásítì? Yunifásítì ní ẹgbẹ́ tó lè daṣẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè á gbọ́. Ọmọ kíláàsì kejì kò ní ẹgbẹ́.

Kí ni òfin wá fún ọmọ náà? Abala 18 nínú òfin ìpìlẹ̀ wa ní ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, tipátipá, fún gbogbo ọmọ, nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Nígbà tí ó bá ṣeé ṣe! Gbólóhùn yẹn fẹ̀ tó èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà kọjá. Orí Kejì ló sì wà, orí tí òfin kan náà ní ẹnikẹ́ni kò lè gbé ìjọba lọ sí kóòtù lé lórí. Òfin UBE ló wá mú un le. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òfin UBE ti wà, ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè béèrè ni. Òfin kan náà ní ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ ní àwọn kíláàsì yẹn lè san owó ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Mo rí i tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan ń wo ilẹ̀. Ẹ gbé ojú sókè, mi ò pe ọlọ́pàá. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì kì í rọ̀ láti ọ̀run, pé owó tí wọ́n fi ń bójú tó ilé-ìwé lè má dé fún odindi sáà, pé bí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì bá bàjẹ́, ọ̀gá ló máa ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni owó PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ṣe di owó ilé-ìwé tó yí orúkọ padà. Níbi tí òbí ti lówó, PTA ń gba olùkọ́ méjì mẹ́ta kún un. Níbi tí òbí kò ti ní, wọ́n ń lé ọmọ padà sílé torí owó ìgbálẹ̀.

Alága ti ń wo aago. Mo ti ń bọ̀ sílé.

Àti PTA o, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbínú gbọ́ ọ: ohun tí Texas ṣe ni à ń ṣe, àwa kàn ń fi aṣọ ẹbí ṣe tiwa ni. Àwọn míṣọ́nnárì ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìwé mẹ́fà tó láti sọ ènìyàn di akọ̀wé. Nínú yín ni a ti rí adájọ́, dókítà, ọ̀gá báńkì. Èyí tó wà lẹ́yìn ògiri, 1976 ló dé, nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ UPE, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ní gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n ń sáré kọ́ kíláàsì káàkiri. Owó epo gbẹ, ìjọba àpapọ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀, ilé-ìwé náà sì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń wa ọkọ̀, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ta iṣu. Wọn kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, kí ni wọn yóò fi kọ́ yàrá mẹ́fà?

Ó tún kù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ́ ilé síbí, àwọn òbí tó lẹ́nu ní ìlú yóò kó ọmọ wọn wá síbí. Ẹni tó lè lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ pé páànù ti ṣí, ọmọ tirẹ̀ kò sí lábẹ́ páànù náà mọ́. Ẹ ti kó owó wá, ẹ sì ti kó ohùn lọ.

Ẹnìkan ti nawọ́. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé kí wọ́n má wá ran ilé-ìwé tiwọn lọ́wọ́ mọ́ ni. Rárá o. Ta ló máa rí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ kíláàsì kó ní kó dá a dúró? Ohun mẹ́ta péré ni mo ní. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì SUBEB láti gba ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, ẹ béèrè ìwé tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ sí UBEC lọ́dún yìí, èyí tó sọ ilé-ìwé tí wọn yóò fi owó náà tún ṣe. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé-ìwé ẹ̀yìn ògiri wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀yin tí ẹ ní adájọ́ àti agbẹjọ́rò nínú ẹgbẹ́, ẹ kọ lẹ́tà. Lẹ́tà yín yóò dé tábìlì tí lẹ́tà alátà kò lè dé. Èkejì, nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, ẹ bi àwọn tó ń du ipò alága léèrè níṣojú gbogbo ènìyàn: lára owó tí yóò máa wá tààrà báyìí, èwo ni yóò kọ́kọ́ yọ, owó oṣù olùkọ́ ni àbí mọ́tò tirẹ̀?

Ẹ̀kẹta kò ní ná yín ní owó púpọ̀. Nígbà tí mo dúró sí ẹ̀yìn níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé-ìwé kejì gbé ike wá síbi ihò tó wà lára ògiri. Ọmọ yín kan ń bá wọn pọn omi láti inú kànga dẹ̀rọ, ó ń fi ife kékeré dà á fún wọn láti ojú ihò náà, ife kan lẹ́ẹ̀kan. Kò sí olùkọ́ tó rán an. Ẹ pe púlọ́ńbà ní ọjọ́ Ajé, kó fa páìpù kan gba abẹ́ ògiri yẹn, kó fi ẹnu ẹ̀rọ sí òdìkejì. Orúkọ yín kò ní hàn lára rẹ̀.